Obìnrin Tó Ni Jíǹsì Nọ́mbà Ogójì

Raheem Àjàní, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ìbàdàn, ṣé Safurat ìyàwó rẹ ń sùn dáadáa, ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun, ṣé iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ yín lẹ́nu? Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ ní Ọ̀kà wà láàyè, a sì ń dárúkọ yín nínú gbogbo ìrun tí a bá kí. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi wọ ìlú ńlá kò ní kọ, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà yín, Àmín.

Bí o bá rí i pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́, má rò pé kò sí owó nínú fóònù mi. Owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, bẹ́ẹ̀ ìlà kan náà ni fóònù tèmi àti tirẹ̀ ń lò, ọjọ́ kan náà ni a rà wọ́n, lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́, àmọ́ bó bá ṣìnà díẹ̀ péré, inú fóònù rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Lẹ́tà kì í ṣìnà. Matthew tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìkàrẹ́ ni màá fi rán, mo sì ti sọ fún un pé ìwé àdúrà ni kó má baà tú u.

Ilé dáa. Iṣu ọdún yìí tóbi, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, atẹ́gùn gbé páànù kan lẹ́yìn ilé, a rí i nínú oko aládùúgbò, a sì ti kàn án padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí páànù ni mo ṣe kọ̀wé.

Ọmọ mi, bàbá rẹ ti ń wọ jíǹsì.

Bàbá rẹ ni mo wí o, Sàídì, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ ọjà láti lọ ra oògùn kòkó, ó sì gbé ṣòkòtò jíǹsì wálé nínú ọ̀rá. Ó ní òkìríkà ni, pé òun fi ọwọ́ ara òun yọ ọ́ nínú òkìtì aṣọ tí wọ́n tú sílẹ̀, pé tuntun wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé láàádọ́ta ọdún tó wá lọ ń ra jíǹsì tuntun, ayé á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òkìríkà kò gan, ẹlòmíì ti bá òun wọ̀ ọ́ rọ̀.

Nígbà tó lọ wẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn bíi yàrá tí wọ́n tì pa fún ìgbà pípẹ́. Kò ya níbì kankan, ìyẹn ló sì yà mí lẹ́nu jù. Kí ló ṣe òyìnbó tó bọ́ ọ sílẹ̀? Ṣé ó sanra ni, àbí ìyàwó rẹ̀ ló ní kó bọ́ ọ? Orúnkún òyìnbó náà ṣì wà nínú rẹ̀, ó wú síta, ṣùgbọ́n òyìnbó náà ga ju bàbá rẹ lọ, nítorí náà orúnkún tirẹ̀ bọ́ sí ojúgun bàbá rẹ. Bó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà báyìí, orúnkún mẹ́rin ni mo máa ń rí. Mo fi rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ìbá sì ti tán síbẹ̀.

Àfi ìgbà tí mo kó agbádá rẹ̀ jáde nínú àpótí láti sá wọn sóòrùn, tí mo rí jíǹsì kejì nísàlẹ̀ pátápátá. Tuntun ni eléyìí. Bébà líle ṣì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Ó fẹ̀ níbi ìdí, ó wá kéré lẹ́sẹ̀. Raheem, ti obìnrin ni. Nọ́mbà tí wọ́n kọ sí i ni ogójì.

Mo gbé e sábẹ́ ìborùn lọ sọ́dọ̀ Limota ọ̀rẹ́ mi tó ń ta gààrí. Limota ní òun mọ nọ́mbà náà, pé ọjọ́ orí ni, pé àwọn òyìnbó máa ń kọ ọ́ sí aṣọ kí ọmọdé má baà wọ ti àgbà. A wá lọ wo ti bàbá rẹ, a bá mẹ́rìndínlógójì níbẹ̀. Mo ní ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti lé láàádọ́ta. Limota ní ṣé mi ò rí nǹkan ni, pé bí ọkùnrin bá ń wá obìnrin, ọjọ́ orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gé kù. Ó ní obìnrin náà jẹ́ ẹni ogójì ọdún, pé mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, kí n yáa máa gbàdúrà.

Ibi àdúrà náà ni mo ń lọ tí mo fi rí bàbá rẹ àti Alfa Suleiman lẹ́yìn mọ́sáláṣí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí Alfa ṣe rí mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì yára gbójú sílẹ̀. Mo mọ ohun tí ọkùnrin máa ń bá Alfa sọ ní wúyẹ́wúyẹ́. Ọjọ́ yìgì ni wọ́n ń dá.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Limota kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, torí òun náà ló sọ fún mi lọ́jọ́sí pé tí èèyàn bá sùn ti fóònù, fóònù náà á máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo lọ bá Zacchaeus télọ̀. Zacchaeus rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ orí, ìwọ̀n ìdí ni, ó sì fa téèpù yọ lọ́rùn láti fi hàn mí. Ó yí i ká mi, ó wò ó, ó ní ogójì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Nínú gbogbo obìnrin tó wà láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́ títí dé Òkè-Àgbè, ẹni tí ìdí rẹ̀ ṣe déédéé tèmi ni bàbá rẹ lọ wá. Bó bá jẹ́ pé tẹ́ẹ́rẹ́ ló wá lọ, ǹ bá gbà pé ojú ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n irú ẹni tó wà nílé náà ló tún lọ wá níta, kí wá ni mo ṣẹ̀ ẹ́?

Èyí tó dùn mí jù ni pé òkìríkà ló rà fún ara rẹ̀, tuntun ló rà fún obìnrin náà. Ọkùnrin tó bá lè wọ àlòkù kí obìnrin lè wọ tuntun, ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Mi ò tíì bi í ní nǹkan kan. Mo ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, mo sì ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, torí mi ò mọ ilé mìíràn tí mo lè pè ní tèmi. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá bá yín gbé díẹ̀ ní Ìbàdàn, kí n má baà wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un wọlé. Mo lè máa bá Safurat gbálẹ̀.

Mo tún mú bíírò. Matthew kò rìn láti ọjọ́ tí mo ti kọ ti òkè yẹn, ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kó bàjẹ́. Má wo ti owó ọkọ̀ tí mo bèèrè mọ́. Mi ò lè ya bébà náà dànù torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́.

Lánàá, nígbà tí bàbá rẹ gbọ̀nà oko Ògbàgì lọ, mo ní kí n wo bí obìnrin náà ṣe máa rí nínú jíǹsì rẹ̀, kí n mọ ẹni tí a jọ fẹ́ máa gbélé. Mo yọ ọ́, mo wọ̀ ọ́. Kò há, kò tú, àní gígùn rẹ̀ gan-an bá mi dọ́gba. Mo dúró níwájú dígí, mo ń sunkún, mo sì ń yí sọ́tùn-ún yí sósì, torí ká sọ òdodo, ó yẹ mí. Ìgbà tí mo fẹ́ bọ́ ọ ni síìpù kọ̀ jálẹ̀. Ibi tí mo ti ń bá síìpù jìjàkadì ni bàbá rẹ bá mi, ó gbàgbé àdá rẹ̀ ló fi padà wálé.

Kò bínú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, ó ní ó mà bá mi mu o. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo sọ.

"Ìdí ta ni mo fi okùn wọ̀n nígbà tó ń sùn lọ́sàn-án?"

Ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣàlàyé. Ó ní láti ìgbà tí sàlẹ́ńsà, irin gbígbóná ẹ̀gbẹ́ máṣìn, ti jó mi lẹ́sẹ̀ níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn òun lọ́nà oko, tí egbò náà pẹ́ kó tó jinná, ni òun ti ń wá ohun tí mo lè máa wọ̀ sábẹ́ ìró, jíǹsì ni wọ́n sì júwe fún òun. Okùn tí a fi ń di iṣu ló fi wọ̀n mí, ó ta á ní kókó, ó sì gbé e lọ sí Ìkàrẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ fún mi kí Alfa tó sọ bóyá obìnrin mùsùlùmí lè wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, Alfa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fèsì ni, pé ohun tó bá bo ara kò burú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ní ojú ń ti òun, bí mo bá lọ fi òun rẹ́rìn-ín ń kọ́?

Mo ní kí ló dé tí kò ra òkìríkà fún mi bíi tirẹ̀, tó jẹ́ pé owó rẹ̀ ò pọ̀. Ó ní:

"Àsàmáù, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, aṣọ tuntun tí mo bá rà fún ọ, ti Iléyá ni, tàbí ti ọmọ tí wọ́n bí, tàbí ti ẹni tó kú. Mo ní kí n ra ọ̀kan tó jẹ́ tìẹ."

Raheem, mo tún sunkún, síìpù ò sì tíì ṣí. Òun ló fi ọṣẹ pa á kó tó wálẹ̀. Mo ti wọ̀ ọ́ gun máṣìn lónìí. Tuntun ní wàhálà tirẹ̀ o, ó gan, ó sì ti pa itan mi láró, gbogbo ìyà tí ẹlòmíì ti bá wa jẹ lára òkìríkà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo sọ ọ́ fún Limota, ó ní kí n ṣì máa ṣọ́ra.

Owó ni mo wá fẹ́ tọrọ báyìí, kì í ṣe ti ọkọ̀. Fi owó jíǹsì tuntun kan ránṣẹ́, ti ọkùnrin, nọ́mbà mẹ́rìndínlógójì, èmi fúnra mi ni màá lọ rà á ní Ìkàrẹ́. Fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin oní-POS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zacchaeus, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ni kó o fi ránṣẹ́, torí ó máa ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì fẹ́ kí owó dé kó bá ilẹ̀kùn ní títì, kó lọ sùn síta. Bí mo bá rà á, ìsàlẹ̀ àpótí ìró mi ni màá fi sí. Má sọ fún bàbá rẹ. Jẹ́ kí òun náà rí i, kí òun náà máa wá ọkùnrin tó ni ín kiri Ọ̀kà fún ìgbà díẹ̀.

Ọlọ́run á fún ọ lówó, Àjàní. Á sì fún ọ ní ojú tí wàá fi máa rí ibi tó ń dun ìyàwó rẹ kó tó sọ ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsàmáù