Wolé-wolé Béèrè Ẹni Tó Ń Ṣe Póòn

Àǹtí Leotha,

Ó pé ọdún mọ́kàndínlógún báyìí tí ẹ gbé kéèkì póòn mi lọ síbi ìdíje oúnjẹ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo rin gbágùúdá àti àgbọn rẹ̀ títí ìka mi fi bó, ẹ̀yin lẹ gba ife-ẹ̀yẹ. Mi ò tíì gbàgbé. Ife náà ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n, èmi náà ni mo sì ń nù ún.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti tilẹ̀kùn mọ́ra yín láti àárọ̀, mo lẹ ìwé yìí mọ́ fìríìjì. Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn lọ gba ẹ̀kọ́ báàjì olóúnjẹ, tí ìjọba ń fún ẹni tó bá fẹ́ ta oúnjẹ. Bí wọn ò bá fún mi, a ti ta póòn tán nínú ilé yìí nìyẹn. Ẹ má ṣe se ohunkóhun títí n ó fi dé. Ẹ sì lé ológbò yín kúrò ní kíṣìnnì. Orí àpò ṣúgà ni wolé-wolé tó wá láàárọ̀ ti bá a, tó ń sùn bí onílé.

Ẹ kú àdúrótì mi o. Nígbà tí obìnrin wolé-wolé náà tọ́ póòn wò, tó ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ọmọ mi." Ṣùgbọ́n ìgbà tó yọ bírò, tó béèrè ẹni tó ti ń ṣe é tà láìní báàjì, ni gbogbo àdúgbò gbọ́ ohùn yín:

"Àbúrò mi Selwyn ni! Òun ló ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ti ìkórè ọjọ́sí. Èmi ò ṣe é rí láyé mi!"