Mọ́tò Kẹrin Kì Í Ṣe Òkú

                                        Ṣọ́ọ̀bù Mọ́tò, Ilé Kejì,
                                        Àgbàlá Rélùwéè.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi àtàtà,

Báwo ni ara? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Aláròyé ti ń jẹ́ kí ẹ sinmi, àbí ó ṣì ń bi yín ní ìbéèrè títí oorun fi ń gbé e lọ? Ṣé òtútù orí òkè yẹn kò tún tíì gbé ikọ́ rẹ dìde? Ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ó ní aṣọ òtútù tí o béèrè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, apá kan ló kù. Ara tiwa le, a dúpẹ́. Ọkàn tèmi ni kò balẹ̀.

Nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù lánàá, ariwo ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kí o gbọ́ mi dáadáa. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ẹni ń bá irin sọ̀rọ̀, kí n lè rí ohun tí n ó dúró lé." Mo ti gbọ́. Fara balẹ̀ kà á.

Mọ́tò tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí ń sáré lójú títì. Mọ́tò ẹsẹ̀ ni àwa ń pè é: ẹ̀rọ oníná tó wà lábẹ́ orí ọkọ̀ ojú irin, tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá tí o máa ń gbọ́ tó ń bú ramúramù kò yí ẹsẹ̀ kankan fúnra rẹ̀. Ó ń jó dísẹ́lì, ó fi ń yí jẹnẹrétọ̀, wáyà á wá gbé iná lọ bá mọ́tò mẹ́fà nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹsẹ̀ méjì tó dojú kọra. Ojú irin tiwa sì há. Níbi tí ojú irin bá fẹ̀, mọ́tò lè sanra bó ṣe wù ú. Tiwa dà bí àgbàlagbà mẹ́ta tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló tín-ín-rín, títí kan bẹ́árìn, ìyẹn òrùka irin tí ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú rẹ̀ pẹ̀lú gírísì.

Ìyá Àrúgbó, ẹ́ńjìnnì tí ọkọ rẹ ń wà, wọlé sí wa lọ́sẹ̀ yìí. Mo fi ọ̀pá irin kan ìdí mọ́tò kẹrin, mo gbé etí lé orí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tó yẹ kó máa kùn bí oyin ń dún bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà mọ́ yanrìn. Mo ṣí ìdérí. Gírísì ti dúdú, ó sì ń dán, nítorí pé irin ti lọ̀ sínú rẹ̀. Bẹ́árìn yẹn ń kú lọ.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní kí a gé iná mọ́tò kẹrin, kí márùn-ún tó kù máa fa ọkọ̀ lọ. Àṣà wa ni, kò sì burú bó bá jẹ́ iná ló ń dà á láàmú. Èyí kì í ṣe ti iná. Mo ní ká gbé ọkọ̀ sókè, ká yọ jíà kékeré ẹnu mọ́tò náà kó tó jáde. Ọ̀gá ní, "Fínnífínní, mọ́tò tí kò níná, òkú ni. Kí ni òkú fẹ́ ṣe fún wa?"

Mo ní, "Ọ̀gá, òkú yìí ń rìn."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Wọ́n gé iná náà, wọn kò yọ jíà.

Ṣé o rántí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ Bàbá, èyí tí pẹ́dàlì rẹ̀ kì í dúró? O gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé, o rò pé o ti sinmi, pẹ́dàlì wá ń gbá ọ lójúgun. Àpá yẹn ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mọ́tò kẹrin. Eyín jíà kékeré rẹ̀ há mọ́ eyín jíà ńlá tó wà lára ẹsẹ̀ ọkọ̀, wọn kì í sì í tú ara wọn sílẹ̀. Bí iná bá wà, mọ́tò á yí ẹsẹ̀. Bí kò bá sí, ẹsẹ̀ á yí mọ́tò. Bí ọkọ̀ bá sì ń sọ̀kalẹ̀ ló ń yí i kíkankíkan jù. Bí bẹ́árìn bá gan lójijì, ẹsẹ̀ kẹrin á dúró gbọin nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré. Á máa ha ojú irin lọ títí dé kọ́nà àfonífojì tó wà nísàlẹ̀ ibùdó rẹ. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, jẹ́ kí n má fi ẹnu mi sọ ọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì kejì tó ń gbé èrò palẹ̀, èrò sì ti pọ̀ nílẹ̀. Bí Ìyá Àrúgbó kò bá lọ, kí ni yóò gbé wọn? Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọkọ rẹ wá gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbá mi léjìká. "Àna mi, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù! Mo ti fi mọ́tò mẹ́rin sọ̀kalẹ̀ rí, mo sì délé jẹun." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n wáyà mọ́tò méjì tó kù ló jó nígbà yẹn, bẹ́árìn wọn le koko. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń wò wá, n kò lè bá àna mi jiyàn lójú wọn.

Ó kù sí ọ lọ́wọ́. Èmi ní ọ̀rọ̀, ìwọ lo ni ọ̀pá. Awakọ̀ kankan kò lè kúrò ní ibùdó tí o jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ bí o kò bá fi ọ̀pá ojúnà, àmì àṣẹ pé ojú irin ṣófo níwájú, lé e lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àgbà ló ń wakọ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ ni yóò na ọwọ́, èrò á sì máa yọ orí lójú fèrèsé. N kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé yín. Bó bá bínú, sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ. Ìbínú ọkùnrin tó délé á rọ̀ bó bá ti jẹun.

Gáàdì ọkọ̀ ẹrù ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Á dé ọ̀dọ̀ rẹ kí Ìyá Àrúgbó tó gòkè lọ́la. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí bàbá tó ń ṣọ́ géètì ojú irin.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, kọ́kọ́ gba ọwọ́ irin tí ọkọ rẹ fi ń yan iwájú tàbí ẹ̀yìn, fi í sápò rẹ. Láìsí i, ọkọ̀ kò lè gbéra nígbà tí o bá bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Ka ẹsẹ̀ láti iwájú dé ìkẹrin. Mo ti fi ọ̀dà funfun kun ìdérí bẹ́árìn náà, o kò ní ṣì í. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà kan ti ìkẹta àti ìkarùn-ún. Àwọn yẹn ṣiṣẹ́ gun òkè, ó yẹ kí wọ́n gbóná. Ìkẹrin kò fa nǹkan kan. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ làágùn. Bó bá gbóná jù wọ́n lọ, di ọ̀pá rẹ mú, má fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí ìró rẹ,
Fínnífínní.