Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀gbẹ́ Géètì Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Rhona ọmọ mi ló fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ yìí ránṣẹ́ láti ìlú. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ sí i ní ìrọ̀lẹ́, kí ohùn mi má bàa di ti àgùntàn. N kò mọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tí bàbá mi fa ọ̀pá àti ajá lé mi lọ́wọ́, tó ní ìwé kì í rẹ́run àgùntàn. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí báyìí. N kò tíì rí ìwé tó rẹ́ ẹ.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ní gúúsù ayé wa níbí, ìgbà ooru ń parí lọ, òtútù ń bọ̀; kí yìnyín tó bọ́ lọ́dún yìí, màá bi Netta Kirkbride aládùúgbò mi bóyá ká kúkú jọ máa gbé. Ọdún kẹfà rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń gbé ẹran lọ fún un. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Inú mi dùn. Netta fẹ́ hun kúbùsù fún ìdíje ọjọ́ àfihàn àwọn àgbẹ̀, oṣù tó ń bọ̀. Kò ní pa á láró rárá, àwọ̀ tí Ọlọ́run fún àgùntàn ni. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí dúdú, yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di funfun, tí ojú kò ní rí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́jọ. Ta ló ní àgùntàn aláwọ̀ mẹ́jọ lágbègbè yìí bí kò ṣe èmi? Ìkarùn-ún ló ṣòro, àwọ̀ eérú tó wà láàárín gbùngbùn. Àgùntàn kan ṣoṣo ló ní in, Màmá Eérú, ìyẹn arúgbó tó máa ń fi orí kàn mí.

Mo ní kó má ṣèyọnu. Ó bu tíì fún mi lẹ́ẹ̀mejì. N kò tíì bi í.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo gbé àpò irun mẹ́ta lọ fún Netta. Ó ki imú bọ irun dúdú náà, ó ní ó ń rùn bí èmi. Mo gbà pé ìyìn ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo dé ilé Netta, mo bá Onífèrè níbẹ̀. Ivor Prosser ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń wa ọkọ̀ ojú irin gba àárín oko wa títí ọkọ̀ náà kò fi wá mọ́. Fèrè tó ń fọn nígbà náà, ó ti da agbo àgùntàn mi rú tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ní báyìí kámẹ́rà ló ń gbé kiri. Ó jókòó sórí àga tí mo máa ń jókòó lé. Àga tèmi.

Fọ́tò kan wà lórí òfì, Netta fi pín-ìn-nì há a. Ẹ̀yìn oko wa ni. Òkè kan lẹ́yìn òkè kan, ti iwájú dúdú bí èédú, èyí tó tẹ̀ lé e ṣá díẹ̀, òmíràn tún ṣá, títí èyí tó gbẹ̀yìn fi dọ́gba pẹ̀lú ojú ọ̀run. Ojú irin ń gba àárín wọn lọ tẹ́ẹ́rẹ́. Onífèrè ló yà á, inú ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ló ti fọ̀ ọ́. Netta ní láti ìgbà tí òun ti rí i ni kúbùsù náà ti wọ òun lọ́kàn.

Nítorí náà, fọ́tò Onífèrè ni mò ń rẹ́run fún. Òkè wọ̀nyẹn ni mo jí bá láyé. Mo ti fi wọ́n han Netta tó ìgbà mélòó, ó ní wọ́n dára, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Onífèrè dì wọ́n mọ́ inú bébà, ó di ohun tí à ń torí rẹ̀ hun kúbùsù.

Ẹran wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e kalẹ̀, mo lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìjà àtijọ́ tún dìde láàárín èmi àti Onífèrè. Ojú irin ń sọ̀ kalẹ̀ láti géètì mi lọ sí ilé Netta, ẹni tó lójú rí i. Onífèrè ní rárá, ó ń gòkè. Ogójì ọdún la ti ń bá a bọ̀. Ó tún tọ́ka sí òpó funfun ẹ̀gbẹ́ ojú irin tí wọ́n kọ iye gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ sí, bí ẹni pé mo lè kà á. Ó wí níwájú Netta pé: "Ọmọ àgbẹ̀, òkè ńlá tó wà lẹ́yìn ló ń tàn ọ́ jẹ. Bí o bá ti fa ẹrù igba tọ́ọ̀nù gba ibẹ̀ rí, ẹ̀yìn rẹ á ti sọ fún ọ."

Netta rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Netta wá gba àpò irun eérú. Mo ní eku ti bà á jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà, lẹ́yìn oúnjẹ

Kò sí eku kankan. Àpò náà wà nílé ìrẹ́run, mo fi tapólì bò ó. Ó ní, "Ó mà ṣe o, Murdo." Ó sì lọ sílé. Jẹ́ kí fọ́tò Onífèrè wá fún un ní eérú, ká rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

N kò gbé ẹran lọ. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Netta fúnra rẹ̀ wá dá àwo ẹran mi padà, n kò sí nílé, mo bá àwo náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìrẹ́run.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo gbé ìgò omi lọ sí ẹ̀gbẹ́ géètì, mo da omi sórí ojú irin tó ti dípẹtà. Ó yẹ kó ṣàn lọ sí ọ̀nà ilé Netta. Ó ṣàn padà wá bá mi lẹ́sẹ̀.

N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje oṣù kẹta

Ọ̀sẹ̀ méjì, n kò rí Netta. Mo rí èéfín ilé rẹ̀. Mo rí ọkọ̀ Onífèrè lẹ́yìn ilé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe pé mò ń ṣọ́ wọn o. Ibi tí àgùntàn ń jẹ ló kọjú síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọjọ́ àfihàn. Mo wọ kóòtù tó dára, mo lọ wo ibi tí àwọ̀ kúbùsù náà ti já. Bí mo bá purọ́ níbí, ta ni mò ń purọ́ fún? Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe lọ.

Kò já. Káàdì pupa wà lára rẹ̀, ipò kìíní nìyẹn, èyí n kò nílò ìwé láti mọ̀. Mo fi ọwọ́ tọ́ ọ láti orí dúdú. Ó ń ṣá, ó ń ṣá. Mo dé àárín, eérú wà níbẹ̀, rírọ̀, ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ti Màmá Eérú lọ. N kò rí ojú rírán kankan. Mo tún fi ọwọ́ padà. N kò rí i.

Netta dé ẹ̀gbẹ́ mi. Mo bi í níbo ló ti rí i. Ó ní súwẹ́tà Ivor ni, èyí tí ìyàwó rẹ̀ hun fún un kó tó kú, tó ń wọ̀ wa ọkọ̀ ní gbogbo òtútù. Ó ní òun sọ fún un pé eérú kò sí. Ivor kò béèrè ìdí. Ó bọ́ ọ lọ́rùn níbẹ̀, ó ní kí Netta tú u.

Lẹ́yìn náà ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́: "Mo rí àpò náà lọ́jọ́ tí mo wá dá àwo rẹ padà, Murdo. Tapólì náà ò bò ó tán. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi àyè sílẹ̀ lórí òfì, mo ní o máa gbé e wá."

Mo yọ ọwọ́ kúrò lára kúbùsù náà. Ó lọ bá àwọn tó ń kí i.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi hun Onífèrè sáàárín irun tèmi. Àwọ̀ méje ni tèmi, ẹyọ kan ni tirẹ̀, ẹyọ yẹn ni gbogbo wọn ń fọwọ́ kàn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Òtútù mú lówùúrọ̀. Yìnyín àkọ́kọ́ ti bọ́ sórí òkè ẹ̀yìn, ó yá ju bí mo ti rò lọ.

Mo gbé àpò irun eérú lé èjìká, mo gba ojú irin. N kò sinmi. Onífèrè ló ṣí ilẹ̀kùn Netta. Ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n fún òtútù. Netta wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Mo sọ àpò náà kalẹ̀ láàárín wọn. Mo ní kí Netta fi hun súwẹ́tà fún un, pé bí òtútù bá pa á, ta ni màá máa bá jà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mò ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, mo di òpó ẹnu ọ̀nà mú. Onífèrè wo ojú irin tó wà lẹ́yìn mi.

"Ọmọ àgbẹ̀," ó ní, "ṣé sísọ̀ lo sọ̀ dé ibí ni, àbí gígùn?"

Netta ń wò mí.

Mo ní, "Mo gùn ún ni."