Àdúrà Inú Ọkọ̀ Tóóró

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọlọ́kọ̀ Èjìnrìn,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, mi ò bẹ ọmọ ìwé kankan. Ẹ mọ̀ pé prámárì mẹ́ta ni mo ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ lè rí ilé mi lórí òkè Shooters Hill ní Lọndọnu níbí. Tí mo bá ká kọ́tìnnì láàárọ̀, gbogbo Woolwich wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Wèrèháúsì, ilé ìkẹ́rùsí ńlá tí mo rà ní Thamesmead, ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Tí pásítọ̀ bá rí mi, iwájú ló ń fi mí sí. Èmi tí mo fi ìgbálẹ̀ àti móòpù bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀ kí n tó sọ èyí tó ń dùn mí.

Sátidé tó kọjá ni Gbénga, ọmọ mi kan ṣoṣo, ní òun fẹ́ gbé mi jáde. Nọ́ọ̀sì ni, Bàbá. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun, Simi ìyàwó rẹ̀, àti Tómi ọmọ wọn ló ń wá láti Abbey Wood wá bá mi jẹun lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n fi mọ́tò gbé mi kúrò ní Lọndọnu lọ sí odò kan tí àwọn òyìnbó fi ọwọ́ gbẹ́ láyé àtijọ́. Ọkọ̀ tí Gbénga háyà níbẹ̀, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ó gùn bíi bọ́ọ̀sì méjì, ṣùgbọ́n ó tóóró débi pé tí ènìyàn méjì bá pàdé nínú rẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn. Sítóòfù wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà. Kò sì mọ eré sá. Àwọn tó ń mú ajá rìn létí odò ń kọjá wa.

Òyìnbó tó ni ín fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ọmọ ọlọ́kọ̀ ni mí, orí omi ni wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú. Àṣé irin ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, tí ẹ bá tì í sọ́tùn-ún, òsì ni imú ọkọ̀ ń lọ. Mo tì í, mo sì kó gbogbo wa wọ inú koríko. Ẹ̀ka igi gbá fìlà mi sómi. Tómi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣebí Grandpa ní òun mọ ọkọ̀ wà. Mo ní èmi mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ òyìnbó ni kò mọ bàbá mi.

A so ọkọ̀ mọ́ etí odò láti jẹun. Simi gbé ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín jáde, àwọn pẹ́pẹ́yẹ yí wa ká. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé èmi náà ti di bàbá tí ọmọ ń gbé jáde ṣeré. Ìgbà yẹn ni Gbénga ní kí n wọlé, kí n jókòó. Ó ní wọ́n ti gba òun síṣẹ́ ní Ọsirélíà. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti lọ.

Ọsirélíà, Bàbá. Tí a bá jí níbí, wọ́n ti ń múra àtisùn lọ́hùn-ún. Mo ní kí wọ́n kúkú kó wá sílé mi, yàrá pọ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu, bí mo ṣe máa ń ṣe tí nǹkan bá ń dùn mí: ta ló tọ́ ọ, ta ló rán an níwèé, ta ló mọ̀ ọ́n ní Woolwich kó tó di pé wọ́n mọ̀ mí? Ó kàn dọ̀bálẹ̀ fún àdúrà ìrìnàjò. Ọmọkùnrin gìrìwò, èjìká rẹ̀ há sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú kíṣìnì.

Tí n ò bá gbàdúrà, kò ní lọ. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, níbi tí irun ti ń funfun díẹ̀díẹ̀, mo sì rò ó pé kí n dákẹ́. Kí n kàn dákẹ́ lásán. Simi di ọwọ́ Tómi mú lẹ́nu ọ̀nà.

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní ọ̀nà á là fún un, kò ní ṣàìsàn lájò, ojú ò ní tì í níwájú àjèjì. Wọ́n ń ṣe àmín. Nígbà tí mo dé ibi tó kù, ẹnu mi kò lọ mọ́. Gbénga kò dìde. Ó sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀.

“Daddy, ó ku ọ̀kan. Ẹ ò tíì sọ pé a máa bá yín láyé.”

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ fi ọkọ̀ gbé mi lọ pàdé ìrìnàjò mi? Ẹ̀yin tí ẹnikẹ́ni kì í lè lé bá lójú ọ̀sà, ẹ kàn ń fi àjẹ̀ kan omi bí ẹni tí apá ń dùn. Mo ń kánjú, inú ń bí mi. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ẹ bu omi ọ̀sà, ẹ fi pa mí lórí, ẹ ní n ó lọ, n ó bọ̀, n ó bá yín. Mo ṣe àmín, mo lọ. Wọn ò tíì fún mi ní ìwé ìgbélùú tí mo lè fi wálé nígbà tí àwọn ará ilé tẹ̀ mí láago pé ẹ ti sùn. Ṣé ẹ béèrè mi? Ta ló pa ojú yín dé? Gbogbo àdúrà tí ẹ ṣe fún mi lọ́jọ́ yẹn ló gbà, Bàbá: ilé, ọmọ, ọlá, ẹnu mi ò gbà á tán. Ọ̀kan yẹn nìkan ni kò gbà.

Mo sọ ọ́ fún Gbénga. Mo ní, “O ó lọ, o ó bọ̀, o ó bá mi.” Àmín Tómi ló ròkè jù. Gbénga dìde, ìdọ̀tí kápẹ́ẹ̀tì wà níwájú orí rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Èmi jáde lọ dúró síbi irin ẹ̀yìn, mo kẹ̀yìn sí wọn.

Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ẹ ní n ó bá yín, ṣé ẹ ti mọ̀? Ṣé ẹnu yín wúwo bí tèmi? Tí ẹ bá mọ̀, tí ẹ sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi lè yá, ẹ ṣeun, Bàbá.

Èmi ọmọ yín,
tí mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe sọ fún yín lọ.