Ìwé Àṣẹ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kọ fún Ọlọ́pàá

Adúmáradán mi,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara ọ̀gá rẹ le? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ níbi tí o wà. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni tí wọ́n máa fẹ̀sùn kàn, o ò ní sí níbẹ̀. Àbúrò rẹ kékeré ti hu eyín méjì lókè, èmi ló sì kọ́kọ́ fi gé jẹ.

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí wọ́n ní ọlọ́pàá máa ń gbọ́ gbogbo ohun téèyàn bá sọ síbẹ̀, kò sì dáa kéèyàn máa sọ̀rọ̀ wọn sí wọn létí. Mo fi ọ̀rá wé lẹ́tà yìí, awakọ̀ ló máa fún ọ.

Orí máṣíìnì ìránṣọ tí o fi ránṣẹ́ dé láàárọ̀ àná, ó dúdú, ó ń dán bí ìwọ gan-an. Àbúrò mi, Káfíńtà, ló lọ gbà á ní gáréèjì, ó gbé e léjìká, ó ń bọ̀. A ò mọ̀ pé wọ́n ti já ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lẹ́yìn gáréèjì níjẹta, wọ́n sì gbé orí máṣíìnì rẹ̀ lọ. Bí àbúrò mi ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, ọlọ́pàá méjì ti wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní níbo ló ti rí i. O mọ̀ ọ́n, bí ẹ̀rù bá ti bà á, ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Wọ́n ní kó máa bọ̀ ní àgọ́, àwọn fura pé ẹrù olè ni.

Mo ní kí wọ́n mú ìwé àṣẹ jáde, torí wọ́n kọ́ wa ní girama pé ọlọ́pàá kì í mú èèyàn láìsí ìwé. Wọ́n ní kò sí ìwé. Mo rò pé ó tán lọ́fíìsì wọn ni. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ló gbà mí lọ́kàn, mi ò tiẹ̀ rántí sọ pé ìwọ lo fi máṣíìnì ránṣẹ́. Mo bá já ewé kan nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí, mo kọ ọ́ fún wọn, pé èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yá ọlọ́pàá ní àbúrò mi ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kí wọ́n dá a padà bí wọ́n ṣe gbà á, láìsí ojú ọgbẹ́ kankan. Mo fọwọ́ sí i. Èyí tó dàgbà nínú wọn wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, òun náà sì fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n ṣe mú àbúrò mi lọ, mo mú ìwé náà lọ bá Bàbá Akọ̀wé, àwọn tó ṣiṣẹ́ ní kóòtù kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní adájọ́ ló ń kọ ìwé àṣẹ, kì í ṣe télọ̀. Wọ́n wá ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọlọ́pàá nílò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń dáràn lójú wọn, bó bá sá kúrò ní àtìmọ́lé, tàbí bí wọ́n bá ní ìdí gidi láti fura, bíi ti ẹni tó gbé irú ẹrù tí wọ́n ń wá tí kò sì lè sọ ibi tó ti rí i, wọ́n lè mú un. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un, wọn ò gbọ́dọ̀ lù ú, wọn ò sì lè tì í mọ́lé títí dìgbà tó bá wù wọ́n. Láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kí wọ́n gba onídùúró rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́. Bàbá ní kí n tọ́jú ìwé mi ṣá, torí aago tí wọ́n mú un wà níbẹ̀, ọlọ́pàá sì ti fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án mo gbé oúnjẹ lọ. Wọn ò lù ú. Ó rọra sọ fún mi láti ẹ̀yìn irin pé ẹ̀rù nìkan kọ́ ló mú òun dákẹ́, òun ò fẹ́ dárúkọ rẹ ni, kí wọ́n má baà lọ gbé ọ. Ó wá bi mí bóyá o rà á lóòótọ́. Mo dáhùn kíá pé o rà á. Àmọ́ bí mo ṣe ń bọ̀ nílé ni mo rántí pé mi ò bi ọ́ rárá, àti pé iṣẹ́ lo ṣì ń kọ́.

Mo padà lọ bẹ Bàbá Akọ̀wé pé kí wọ́n bá mi sọ fún ọlọ́pàá kí wọ́n ti èmi mọ́lé, kí àbúrò mi máa bọ̀, ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wá. Bàbá ní òfin ò gba kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ìyá fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Èmi gan-an ṣì ń ṣọmọdé nígbà tí mo bí ọ, kò sì sí ohun tó kọjú sí ọ látìgbà náà tí mi ò kọ́kọ́ fi àyà gbà. Àṣé ibì kan wà tí ìyá ò ti lè bá ọmọ jókòó.

Ọmọ mi, bí rìsíìtì bá wà, fún awakọ̀ yìí, ó ń padà bọ̀ lọ́la. Bí kò bá sí, mú ẹni tó tà á fún ọ dání wá. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ rẹ kò mọ́, má purọ́ fún mi, má sì sá. Máa bọ̀ nílé. Màá di ọwọ́ rẹ mú títí dé ẹnu ilẹ̀kùn tí wọn ò bá ti jẹ́ kí n wọlé.

Bí owó díẹ̀ bá wà, fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ Káfíńtà, àmọ́ kó jẹ́ owó tí o lè sọ ibi tó ti wá. Òtítọ́ á gbè ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, ẹnu rẹ kò ní wúwo.

Èmi ìyá rẹ ni, tó fẹ́ràn rẹ ju máṣíìnì lọ.