Ẹ Rọra Gbé Kọ̀ǹpútà, Etí Ìyá Àgbà Wà Nínú Ẹ̀

Adúmáadán ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ẹsẹ̀ tó gbé ẹ lọ sígboro kò ní kọ, orí tó o fi ń ṣiṣẹ́ kò ní fọ́ ẹ. Gbogbo wa wà níbí, à ń rẹ́rìn-ín.

Òòyì ìyá àgbà ẹ ni mo fẹ́ ròyìn. O mọ̀ pé ilé ń yí mọ́ wọn lójú, wọn ò lè jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ mọ́, aṣọ tí wọ́n ń rán fún ẹ sì ku apá kan. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, ọ̀dọ́mọdébìnrin kan báyìí. Ó ní òkúta wẹ́wẹ́ ló kúrò láyè ẹ̀ nínú etí wọn. Ìyá àgbà bi í pé ta ló jù ú síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi inú etí hàn wá, etí náà lọ́ bí ìkarahun ìgbín, òkúta ń yí nínú omi. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń dán an wò bí wọ́n ṣe máa yí orí aláìsàn kó lè sàn, nígbà tí mo sì dárúkọ ibi iṣẹ́ yín, ó ní ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe etí inú kọ̀ǹpútà náà.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ, àyà mi já. Wọ́n kọ́ wa nípa etí ní sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé a lè gbé ti ìyá ẹni sínú kọ̀ǹpútà. Dókítà yí orí wọn sọ́tùn-ún, ó dá wọn dùbúlẹ̀, ó yí wọn sósì, wọ́n bú u díẹ̀, wọ́n dìde, ilé sì dúró jẹ́ẹ́, wọ́n padà sídìí máṣíìnì.

Àmọ́ láàárọ̀ àná, ó tún yí díẹ̀. Ìyá àgbà ní ẹnì kan ló gbé kọ̀ǹpútà yín sáré lórí àtẹ̀gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dojú ẹ̀ dé, ẹ má jẹun lórí ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, kó o kọ́kọ́ pè wá kí wọ́n lè jókòó.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ ká lè padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè gba orí fóònù mi wọlé, mo ti nù ún mọ́. Ọlọ́run á gbé ẹ ga, òòyì kò ní kọ́ ẹ lókè.

Ìyá àgbà ní níwọ̀n ìgbà tí etí àwọn ti wà lọ́dọ̀ ẹ, kí ló dé tí o kì í kí àwọn. Láràárọ̀, sún mọ́ kọ̀ǹpútà yẹn, kí wọn jẹ́jẹ́, má pariwo nítorí òkúta. Wọ́n máa ń dá máṣíìnì dúró, wọ́n á dẹtí sílẹ̀. Ó jọ pé o ti ń kí wọn, torí láàárọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń rán apá aṣọ ẹ lọ, mo gbọ́ tí wọ́n dá ẹnì kan lóhùn pé àlàáfíà ni àwọn wà.

Èmi ìyá ẹ.