Owó Tó Ń Yí Àwọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwa náà wà, àfi orókún bàbá rẹ tó tún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú tèmi ò tó. Ewúrẹ́ wa bí mẹ́ta, ọ̀kan ti jẹ tépù tí mo fi ń wọn aṣọ, láti ìjẹta ni mo ti ń fi okùn wọn àwọn èèyàn.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí wúwo lọ́kàn mi. Ìwé gàgàrà tí ojú ewé rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, tó o ní ká bá ọ tọ́jú torí wọ́n ń kun yàrá rẹ lọ́dà, o ní ká má ṣí i, pé òógùn ojú rẹ ọdún mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Mi ò ṣí i o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ikán ti ń jẹ ẹ́ ni.

Háà, ọmọ mi! Owó ló kún inú ẹ̀, owó ìlú tá ò mọ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí èyí tí wọ́n ṣẹ́ po rí. Owó wo ni kò ra iyọ̀ rí láyé ẹ̀? Mo gbé ọ̀kan síbi fèrèsé, àwọ̀ ewé ara ẹ̀ di àwọ̀ wúrà lójú mi kòrókòró, mo yí i padà, ó tún di ewé. Mo gbé òmíràn sókè sí oòrùn, orí ọkùnrin kan ń wò mí látinú bébà, kò lọ́rùn, kò lápá. Mo kí i, kò dáhùn. Òmíràn lu láàárín, wọ́n fi ọ̀rá lẹ ojú ihò ẹ̀. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni òwú fàdákà tó ń yọ tó ń wọlé lára ọ̀kan. Ogójì ọdún ni mo ti ń ránṣọ, mo mọ òwú tí wọn ò so ìdí ẹ̀. Mo fà á yọ kí n lè bá ọ tún un rán, àfi bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ wínníwínní lára òwú! Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ará ilé kejì wa, fi awò ńlá ẹ̀ wò ó, ó ní iye owó náà ni wọ́n kọ síbẹ̀ léraléra. Mo ní ó parí. Owó tó bá dá ara ẹ̀ lójú, kí ló ń tẹnu mọ́ ọn fún?

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ayédèrú owó lò ń ṣe nígboro. Mo sunkún. Bàbá rẹ ò jẹun. Kì í ṣe ìtìjú ló ń dùn mí, ẹ̀wọ̀n ni mò ń bẹ̀rù, torí láti kékeré lo ò ti lè sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A ṣì ń rò ó lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dé lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó ní ìwọ lo júwe ilé wa fún òun, òun náà máa ń ṣa owó onírúurú ìlú jọ, òun fẹ́ wo ìwé náà. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ó tún bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pọ́ńbélé! Mo bu omi fún un, mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú mi. Ó jó dáadáa, àwọn tó jẹ́ ọ̀rá nìkan ló ká jọ. Mo fi iná ẹ̀ lọ ṣòkòtò bàbá rẹ méjì. Nígbà tí mo padà wọlé, mo fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ mi ò lówó kankan rí látìgbà tí mo ti bí i.

Ló bá kọ iye tí òun ìbá san fún ìwé náà sórí bébà. A pe Tíṣà wá kà á, ó ní ó máa kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà, á sì tún ṣẹ́ kù. O ò rí i bí wọ́n ṣe ń dẹ pàkúté? Bàbá rẹ ní ìyá bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Àánú ọkùnrin náà tiẹ̀ ṣe mí, torí omi wà lójú ẹ̀ nígbà tó ń wọ bàtà.

A ti kó ọ yọ. Jọ̀ọ́, bá wa wá owó páànù mẹ́rin, òjò ń jò sórí maṣíìnì mi. Owó gbígbó ni kó o fi ránṣẹ́ o, èyí tí ẹlẹ́ja ti ká mọ́ ìdí aṣọ.

Owó gidi á wá ilé wa wá, ọmọ mi, a ó sì dá a mọ̀ nígbà tó bá dé. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.